Lẹ́tà sí Àǹtí mi: ajá tí wọ́n yọ ṣùkù àgbàdo nínú ìfun rẹ̀

Àǹtí mi,

Ẹ kú ìtọ́jú o. Ajá ti délé, ó sì ń ju ìrù. Ẹ má jẹ́ kí ìrù yẹn tàn yín. Ojú awọ tí ẹ ń wò kọ́ ni mo ń bẹ̀rù, ìfun tí wọ́n là tí wọ́n sì rán ni. Láàárín ọjọ́ 3 sí 5 ni ibẹ̀ máa ń fẹ́ jò, torí òwú nìkan ló ṣì dì í mú, ẹran ara kò tíì so pọ̀. Bó bá ń bì léraléra, tó kọ oúnjẹ, tí ikùn rẹ̀ wú tàbí le, tàbí tí tẹmómítà tí ẹ tì bọ ihò ìdí rẹ̀ bá kọjá 39.5°C, òru ọjọ́ náà ni kí ẹ gbé e padà sọ́dọ̀ dókítà ẹranko. Èrìgì tó funfun bí ẹfun, ẹ má fi í di ọ̀la: ẹ̀jẹ̀ lè máa dà nínú.

Ẹ pín oúnjẹ ojúmọ́ sí ọ̀nà 4 sí 6. Adìyẹ bíbọ̀ tí kò ní egungun tàbí awọ, àti ìrẹsì rírọ̀. Ẹ má bu ọbẹ̀ ilé sí i. Àlùbọ́sà inú rẹ̀, májèlé ni fún ajá. Bí kò bá yàgbẹ́ fún ọjọ́ 3, ẹ fọkàn balẹ̀, inú ti ṣófo kí wọ́n tó là á, oògùn ìrora sì ń mú ìfun lọ́ra.

Panadol ńkọ́? Rárá o, ẹ̀dọ̀ ló ń bà jẹ́. Ibuprofen ń dá egbò sínú, ó tún ń ba kíndìnrín jẹ́. Èyí tí dókítà ẹranko fún yín ni kí ẹ lò.

Ike roboto ọrùn rẹ̀, ẹ má bọ́ ọ títí wọn yóò fi yọ òwú, ọjọ́ 10 sí 14. Wọ́n á ní itọ́ ajá ni oògùn egbò rẹ̀, ẹ má jẹ́ kó lá a. Eyín rẹ̀ á tú òwú kí ẹ tó ti ilé ìdáná dé. Ẹ máa yẹ egbò wò láàárọ̀ àti lálẹ́. Kó pọ́n díẹ̀ kò burú. Ọyún, òórùn tàbí ẹnu egbò tó yà ló burú. Kò sí sípíríìtì, kò sí Robb, kò sí ìwẹ̀. Inú ilé ni kó máa sùn, torí eṣinṣin tó bà lé egbò á yé sí i, ìdin á sì dé.

Fún ọ̀sẹ̀ 2, ẹ so ó mọ́ ìdè tó bá ń jáde: ìṣẹ́jú 5, kó tọ̀, kó wọlé. Kò gbọdọ̀ gun àtẹ̀gùn tàbí fò sórí àga.

Àgbàdo sísun ṣì wà nígboro, Àǹtí. Ẹ wá ìdérí fún garawa ìdọ̀tí yẹn.

Àbúrò yín