Àbẹ̀kẹ́, ká tún ìwé owó yẹn kà

Àbẹ̀kẹ́ ọmọ mi,

Àsàlámù àlékúmù. Ṣé òtútù ti dín kù lọ́dọ̀ yín? Gbogbo wa ní Ẹ̀pẹ́ wà dáadáa. Mo gbọ́ gbogbo ohùn tí o fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp, títí kan èyí tí o sunkún sí. Mo ní kí n kọ èsì mi sílẹ̀, kí o lè máa rí i kà nígbà tí ara rẹ bá balẹ̀.

O kú oríire ná. Ilé-ẹ̀kọ́ méjì ló ní àwọn ń fẹ́ ọ, kọ́lẹ́ẹ̀jì Boston tí ọkàn rẹ fà sí, àti Macaulay ní New York, tó ní òun á kọ́ ọ lọ́fẹ̀ẹ́. Bàbá rẹ ti ròyìn rẹ̀ ní mọ́sálásí, ó ti ròyìn rẹ̀ ní gáréèjì, ó ku kí ó wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sọ fún àwọn apẹja.

Mo ní kí ẹ̀gbọ́n rẹ tẹ ìwé owó tí kọ́lẹ́ẹ̀jì Boston fi ránṣẹ́ jáde, a sì jókòó tì í ní ṣọ́ọ̀bù lẹ́yìn tí ọjà tú. Lókè, wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà pé ìrànlọ́wọ́ tí o rí gbà jẹ́ 50,000 dọ́là. Mo ti fẹ́ hó yèè. Ẹ̀gbọ́n rẹ ní kí n ṣe sùúrù, ó wá ń fi bírò fàlà sábẹ́ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀bùn gidi ibẹ̀ ò ju 42,000 lọ. 2,500 jẹ́ owó iṣẹ́ tí ìwọ fúnra rẹ máa ṣe nínú ọgbà wọn. 5,500 tó kù, gbèsè ni, o máa san án padà fún ìjọba Amẹ́ríkà. Wọ́n tò ó mọ́ ẹ̀bùn bí ẹni pé ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n! Owó ọdún kan níbẹ̀, pẹ̀lú ilé àti oúnjẹ, 86,000 ni. Ó wá ku 36,000 tí ìwé náà ò mẹ́nu bà rárá. Bí a bá ka dọ́là kan sí 1,500 náírà, mílíọ̀nù 54 náírà nìyẹn, fún ọdún kan nínú mẹ́rin.

O ní ká ta ilẹ̀ tó wà lọ́nà Ìjẹ̀bú-Òde. Lóòótọ́, látìgbà tí ilé-ìfọpo Dangote ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Ìbẹ̀jú-Lẹ́kí lọ́dún 2024, àwọn tó ń wá ilẹ̀ rà ò jẹ́ ká gbádùn. Ṣùgbọ́n pulọ́ọ̀tì méjì péré la ní. Bí a bá tà á tán, kò ní san ọdún kan. Tó bá dọdún kejì ńkọ́? Ẹ̀yin mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lẹ sì ni ín, kì í ṣe ìwọ nìkan.

Èyí tí kò jẹ́ kí n sùn ni ti Dádì Queens, tí ò ń gbé lọ́dọ̀ wọn ní New York, tí o ní kí wọ́n ṣe onídùúró fún ọ ní báńkì láti yá owó tó kù. Gbèsè ìjọba ní òdiwọ̀n. Ọmọ tó ṣì wà lábẹ́ òbí ò lè yá ju 5,500 yẹn lọ́dún àkọ́kọ́. Ti báńkì ò rí bẹ́ẹ̀. Ọjọ́ tí wọ́n bá ti sanwó ni èlé ti ń gun orí rẹ̀, o lè má tíì mọ ọ̀nà kíláàsì. Bí o bá jáde tí iṣẹ́ ò yá, Dádì Queens ni wọ́n máa dì mú fún gbogbo ẹ̀. Ẹni tó bá sì wọko gbèsè ní Amẹ́ríkà, ilé-ẹjọ́ kì í sábà pa gbèsè ilé-ẹ̀kọ́ rẹ́ fún un bíi ti gbèsè mìíràn. Ọkọ̀ ni Dádì Queens ń wà lóru, wọ́n sì lọ́mọ tiwọn. Wọn ò ní lè wo ojú ọmọ ẹ̀gbọ́n wọn kí wọ́n ní rárá, ìdí sì nìyẹn tí mi ò fi fẹ́ kí o bi wọ́n. Mi ò tíì dé orí ríbà, èlé tí ẹ̀sìn wa kọ̀, o. Bàbá rẹ ń kọ ti ìyẹn lọ́wọ́, tiwọn á gùn ju tèmi lọ.

O ṣáà mọ bí a ṣe ń ṣe ní ọjà Olúwo. Obìnrin tó fẹ́ gba ẹja láwìn ò lẹ́nu láti ṣa epìyà. Èyí tí apẹja bá dà sí i lágbọ̀n ló máa gbé, iye tó bá pè ló máa san. Ẹni tówó wà lọ́wọ́ ẹ̀ á yí ẹja síwá sẹ́yìn, á ṣí ẹ̀gbẹ́ orí ẹ̀ wò bóyá inú ibẹ̀ ṣì pupa. Bí o bá jáde láìjẹ gbèsè, o máa lè ṣa iṣẹ́. Bí o bá jẹ báńkì ní 144,000 dọ́là fún ọdún mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, èyí tó bá kọ́kọ́ dé lo máa gbé.

Ó wá ku Macaulay, tí o ń sọ̀rọ̀ ẹ̀ bí ẹni pé wọ́n ṣàánú ẹ ni. Àwọn CUNY, yunifásítì ìlú New York tó ní kọ́lẹ́ẹ̀jì púpọ̀ lábẹ́, dá a sílẹ̀ ní 2001 fún àwọn ọmọ tórí wọn pé gan-an, wọn kì í sì í gba owó ẹ̀kọ́ lọ́wọ́ ọmọ ìpínlẹ̀ New York tó bá wọ ibẹ̀. City College, kọ́lẹ́ẹ̀jì CUNY tí wọ́n pín ọ sí, ti wà láti 1847, ọ̀fẹ́ sì ni títí di 1976. Ibẹ̀ ni Colin Powell, ọ̀gágun tó di mínísítà ọ̀rọ̀ òkèèrè Amẹ́ríkà, ti jáde. Andrew Grove, tó sá kúrò ní Hungary wá sí Amẹ́ríkà, ibẹ̀ ló ti kọ́ ẹ̀kọ́ ẹ̀ńjíníà, ó parí ní 1960, ó sì di ọ̀gá Intel, ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe ọpọlọ kọ̀ǹpútà. Orúkọ ẹ̀ ló wà lára ilé-ẹ̀kọ́ ẹ̀ńjíníà tí o fẹ́ wọ̀. William Macaulay náà, ọmọ City College ni, òun ló ta wọ́n lọ́rẹ 30 mílíọ̀nù dọ́là ní 2006. Ṣé ibi táwọn wọ̀nyí ti jáde ló ń tì ọ́ lójú láti dárúkọ fún àwọn ọ̀rẹ́ ẹ?

Boston dùn ún wò, mi ò ní jiyàn. Kéèyàn kúrò nílé, kó gbé pẹ̀lú àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀, ó níyì, o sì máa pàdánù ẹ̀ bí o bá ń ti Queens lọ sí kíláàsì. Ẹ̀gbọ́n ẹ náà ń ti ilé lọ sí ẹ̀ńjíníà LASU níbí, ó ráhùn títí ó fi jáde pé òun ò jayé. Ṣùgbọ́n ká ní ìjọba ò dá owó LASU padà sí 25,000 náírà ní 2014, lẹ́yìn tí wọ́n ti gbé e kọjá 300,000 fún àwọn kan ní 2011, kò bá má wọ ibẹ̀ rárá.

Bí wọ́n ṣe ní ọ̀fẹ́ yìí náà, yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa. Bi wọ́n léèrè bóyá ọdún mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló kárí, máàkì tí o gbọ́dọ̀ máa gbà kó má baà bọ́ lọ́wọ́ ẹ, àti àwọn owó pẹ́ẹ́pẹ̀ẹ̀pẹ́ tí wọn ò kà mọ́ owó ẹ̀kọ́. 3,000 dọ́là lèmi àti bàbá ẹ lè san lọ́dún láìyáwó. Ìwé, ọkọ̀ àti oúnjẹ tí o máa dá sílé Dádì Queens, inú ẹ̀ ni.

Kọ lẹ́tà sí ọ́fíìsì owó ti Boston lọ́la, sọ fún wọn pé ibòmíràn fún ọ lọ́fẹ̀ẹ́, kí wọ́n tún ẹ̀bùn wọn gbé yẹ̀ wò. Wọ́n máa ń ṣe é fún ẹlòmíràn. Bí ohun tó kù bá bọ́ sí 3,000 yẹn, máa lọ, màá gbàdúrà sí i. Bí kò bá bọ́ sí i, gba City College kí ọjọ́ kìíní oṣù Karùn-ún tó pé. Fi lẹ́tà náà han ẹ̀gbọ́n ẹ kí o tó fi í ránṣẹ́, gẹ̀ẹ́sì ẹ máa ń le jù bí inú bá ń bí ẹ.

Mo fi ẹja gbígbẹ rán ìyá kan tó ń bọ̀ lọ́dọ̀ yín. Ti Dádì Queens wà nínú ọ̀rá dúdú.

Èmi ni,
Ìyá rẹ