Ta ni yóò jókòó ti ọmọ ní aago 9 òwúrọ̀?

Olóòtú ọ̀wọ́n,

Mo kí yín, ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn. Mo ka àpilẹ̀kọ tí ẹ tẹ̀ jáde lórí ilé-ẹ̀kọ́ orí íntánẹ́ẹ̀tì fún àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, inú mi sì dùn pé ẹ mú ọ̀rọ̀ náà wá síta, nítorí ọ̀pọ̀ òbí ló ń gbèrò láti fi ọmọ wọn síbẹ̀ láìmọ ohun tí wọ́n fẹ́ kó wọ̀. Ṣùgbọ́n láti ìbẹ̀rẹ̀ àpilẹ̀kọ náà dé ìparí rẹ̀, ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ, dátà àti ìkànnì ni òǹkọ̀wé ń sọ. Kò dárúkọ ẹni tí gbogbo ètò náà rọ̀ mọ́, ìyẹn àgbàlagbà tí yóò jókòó ti ọmọ nínú ilé. Ọdún kan gbáko ni mo fi ṣe iṣẹ́ ẹni yẹn fún ọmọbìnrin mi, tó jẹ́ ọmọ ọdún 6 nígbà náà, ohun tí ojú mi rí ló sì mú kí n kọ lẹ́tà yìí sí yín.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ bí ètò náà ṣe ń lọ, fún àwọn tí kò tíì dé ibẹ̀. Ọ̀nà méjì ni ẹ̀kọ́ ń gbà dé ọ̀dọ̀ ọmọ. Ọ̀kan ni kíláàsì ojúkojú, tí olùkọ́ àti àwọn ọmọ jọ máa ń wà lórí fídíò lákòókò kan náà, tí wọ́n ń rí ara wọn, tí wọ́n sì ń gbọ́ ohùn ara wọn. Èkejì ni ẹ̀kọ́ tí olùkọ́ ti gbà sílẹ̀, tàbí iṣẹ́ tó gbé sórí ìkànnì kíláàsì, irú bíi Google Classroom tàbí Seesaw, tí ọmọ yóò ṣe nígbà tí àyè bá yọ, tí wọn yóò ya fọ́tò rẹ̀, tí wọn yóò sì fi ránṣẹ́ padà sí olùkọ́. Ilé-ẹ̀kọ́ tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ kì í fi ọmọ kékeré síwájú fídíò láti àárọ̀ di ọ̀sán. Kíláàsì ojúkojú kan kì í sábà ju ìṣẹ́jú 20 sí 30 lọ. Ọmọ á kúrò níbẹ̀, á lọ ka ìwé gidi, á fi pẹ́ńsù kọ nǹkan, á to bọ́tìnì tàbí òkúta wẹ́wẹ́ sílẹ̀ láti fi ṣe ìṣirò, kó tó tún padà wá. Fún ìwé kíkà, olùkọ́ máa ń pín kíláàsì sí ọ̀wọ́ ọmọ 4 tàbí 5 kí ohùn oníkálukú lè dé etí rẹ̀.

Ẹ wá wo gbogbo ohun tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ kà sílẹ̀ yìí, kí ẹ béèrè pé ta ló ń ṣe é. Ọmọ tí kò tíì lè ka gbólóhùn kan já geere kò lè ka ìtọ́sọ́nà tí wọ́n kọ sórí ìkànnì. Kò lè tẹ ọ̀rọ̀ aṣínà, kò mọ̀ pé kíláàsì ku ìṣẹ́jú márùn-ún, kò mọ̀ pé òun ti pa máìkì òun àti pé òun nìkan ló ń gbọ́ ìdáhùn tí òun ń fi gbogbo ẹnu sọ. Bí ẹ̀rọ bá yọ ọ́ kúrò nínú kíláàsì, yóò jókòó síbẹ̀, yóò máa wò ó. Àgbàlagbà ló ń ṣí i, òun ló ń pa á, òun ló ń wá ìwé, tó ń gbẹ́ pẹ́ńsù, tó ń ya fọ́tò. Bẹ́ẹ̀, gbogbo èyí ṣì kéré lára iṣẹ́ náà.

Ní ọ̀sẹ̀ kẹta tí a bẹ̀rẹ̀, lẹ́tà b àti lẹ́tà d ni wọ́n ń kọ́. Olùkọ́ ní kí ọmọ kọ̀ọ̀kan kọ b gàdàgbà sórí bébà, kí ó gbé e sókè níwájú kámẹ́rà. Ọmọ mi kọ ọ́ dáadáa, ikùn lẹ́tà náà kọjú sí ọ̀tún bó ṣe yẹ. Ó gbé e sókè, ó wo ojú ẹ̀rọ, ojú rẹ̀ sì fà ro. Ó yára gbé bébà náà sílẹ̀, ó fi írésà pa ohun tó kọ rẹ́, ó sì kọ d rọ́pò rẹ̀. Nígbà tí olùkọ́ fi máa dé orí àwòrán tirẹ̀ láàárín ọmọ 18, d ló bá níbẹ̀, ó sì fi ohùn jẹ́jẹ́ sọ fún un pé kó tún un kọ. Ọmọ náà kọ b, ó gbé e sókè, ó tún wo ojú ẹ̀rọ, ó tún pa á rẹ́. Omi ti lé sójú rẹ̀. Ọjọ́ kẹta ni mo tó mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Àwòrán ara ẹni tí Zoom, ìyẹn ètò fídíò tí a fi ń ṣe kíláàsì, ń fi han ẹni máa ń rí bíi ti inú dígí, ọ̀tún á di òsì, òsì á di ọ̀tún. Olùkọ́ ń rí b gẹ́gẹ́ bí ọmọ ṣe kọ ọ́, ṣùgbọ́n d ni ọmọ fúnra rẹ̀ ń rí, ó sì gbà pé òun ló ṣìkọ. Ibì kan wà nínú ètò náà tí a ti lè pa ìyípadà yìí. Mo pa á, wàhálà náà sì tán lọ́jọ́ yẹn.

N kò dá olùkọ́ náà lẹ́bi rárá, nítorí kò sí bó ṣe lè rí i láti ọ̀dọ̀ rẹ̀. Àwọn àgbà ní ojú lọ̀rọ̀ wà, bẹ́ẹ̀ sì ni ẹ̀kọ́ ọmọdé rí. Olùkọ́ tó wà nínú kíláàsì gidi ń rìn láàárín àwọn ọmọ, ó ń rí bí ọmọ ṣe di pẹ́ńsù mú, ó ń rí ẹni tó bẹ̀rẹ̀ lẹ́tà láti ìsàlẹ̀ dípò òkè, ó ń rí ẹni tí ètè rẹ̀ ń mì láìsí ohùn nígbà tí gbogbo kíláàsì ń kàwé pọ̀. Lórí fídíò, iwájú orí ọmọ ló sábà máa ń rí. Ẹni tó jókòó ti ọmọ nìkan ló lè rí ọwọ́ rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń sọ pé olùkọ́ kejì ni ẹni náà, yálà a pè é bẹ́ẹ̀ tàbí a kò pè é.

Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí a lọ forúkọ ọmọ wa sílẹ̀, ilé-ẹ̀kọ́ náà bi wá nípa kọ̀ǹpútà, wọ́n bi wá nípa bí íntánẹ́ẹ̀tì wa ṣe yára sí, wọ́n tilẹ̀ bi wá bóyá yàrá tí ọmọ yóò máa lò ní ìmọ́lẹ̀ tó. Kò sí ẹni tó bi wá pé ta ni yóò wà pẹ̀lú rẹ̀. Nígbà tí mo béèrè, ìdáhùn tí mo gbà ni pé àwọn ọmọ òde òní mọ ẹ̀rọ lò ju àgbà lọ, pé láàárín ọ̀sẹ̀ kan yóò máa dá ṣe é. Òótọ́ ni pé wọ́n mọ̀ ọ́n lò, ṣùgbọ́n mímọ ẹ̀rọ lò yàtọ̀ sí mímọ bí a ti ń kẹ́kọ̀ọ́. Mo fi ọ̀sẹ̀ méjì kọ wákàtí tí mo ń lò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmọ mi sínú ìwé kékeré kan. Kò sí ọjọ́ kankan tó dín ní wákàtí 3. Èmi àti ọkọ mi ní láti yí àkókò iṣẹ́ wa padà, ó sì ṣeé ṣe fún wa. Mo mọ àwọn òbí tí kò ṣeé ṣe fún, tí wọ́n ń fi fóònù darí ọmọ ọdún 7 láti ibi iṣẹ́ wọn.

Àwọn tó ti pẹ́ nídìí irú ẹ̀kọ́ yìí mọ ohun tí mo ń wí. Ní ọdún 1951, ní Alice Springs ní orílẹ̀-èdè Ọsirélíà, wọ́n dá ilé-ẹ̀kọ́ kan tí wọ́n ń pè ní School of the Air sílẹ̀, èyí tó ń fi rédíò kọ́ àwọn ọmọ tí ilé wọn wà ní àwọn oko ẹran tó jìnnà réré sí ìlú. Rédíò ti di íntánẹ́ẹ̀tì níbẹ̀ báyìí, ṣùgbọ́n olùkọ́ inú ilé kò kúrò nínú ètò náà: ìyá ọmọ ni, tàbí ẹni tí wọ́n gbà síṣẹ́ láti máa wà pẹ̀lú ọmọ ní gbogbo àkókò ẹ̀kọ́. Ẹ wá fi wé Florida Virtual School ní Amẹ́ríkà, ọ̀kan lára àwọn tó kọ́kọ́ gbé ẹ̀kọ́ sórí íntánẹ́ẹ̀tì ní ọdún 1997. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ girama ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀, kí ó tó kan àwọn ọmọ kékeré lẹ́yìn-ò-rẹyìn. Ọmọ ọdún 16 lè jí, kí ó ṣí kọ̀ǹpútà rẹ̀, kí ó ka iṣẹ́ rẹ̀, kí ó sì ṣe é. Lójú tèmi, ẹ̀wù tí wọ́n rán fún ẹ̀gbọ́n ni ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ ń gbé wọ àbúrò láìgé ẹsẹ̀ rẹ̀.

Nígbà tí àrùn Kòrónà ti ilé-ẹ̀kọ́ pa kárí ayé ní ọdún 2020, àjọ UNESCO sọ pé akẹ́kọ̀ọ́ tó lé ní bílíọ̀nù 1.5 ló wà nílé. UNICEF náà sọ lọ́dún yẹn pé ó kéré tán, mílíọ̀nù 463 ọmọ ni ẹ̀kọ́ láti òkèèrè kò lè dé ọ̀dọ̀ wọn rárá. Láti ìgbà náà ni ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ ti gba gbogbo ẹnu, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀, nítorí ẹni tí kò ní iná àti íntánẹ́ẹ̀tì kò tíì dé ẹnu ọ̀nà. Ṣùgbọ́n ẹ wo orílẹ̀-èdè Netherlands, níbi tí íntánẹ́ẹ̀tì ti wọ ilé tó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gbogbo wọn. Bí ọ̀sẹ̀ 8 ni wọ́n fi ti ilé-ẹ̀kọ́ níbẹ̀ lọ́dún náà, àwọn onímọ̀ sì fi èsì ìdánwò àwọn ọmọ ọdún 8 sí 11 tí wọ́n ṣe ṣáájú àti lẹ́yìn ìtìpa náà wé ara wọn. Nínú ìwádìí tí wọ́n gbé jáde ní ọdún 2021, wọ́n rí i pé ohun tí àwọn ọmọ náà rí kọ́ nínú ilé kéré jọjọ, bí ẹni pé wọn kò kọ́ nǹkan kan, àti pé àdánù àwọn ọmọ tí òbí wọn kò kàwé púpọ̀ fi ìdá 60 nínú ọgọ́rùn-ún ju ti àwọn yòókù lọ nígbà mìíràn. Bí ọ̀rọ̀ bá jẹ́ ti ẹ̀rọ nìkan ni, ṣé irú ìyàtọ̀ bẹ́ẹ̀ yóò wà láàárín àwọn tí ẹ̀rọ kò wọ́n?

Àṣìṣe kan wà tí àwa òbí náà ń ṣe nídìí iṣẹ́ yìí, mo sì ṣe é púpọ̀. Bí olùkọ́ bá bi ọmọ ní ìbéèrè tí ọmọ dákẹ́, ìdákẹ́jẹ́ náà máa ń ni òbí lára ju ọmọ lọ. Mo máa ń rọra sọ ìdáhùn sí ọmọ mi létí, òun náà á sì gbé e jáde ketekete, olùkọ́ á yìn ín. Oṣù méjì ni a fi ń bá a lọ bẹ́ẹ̀ kí a tó mọ̀ pé ọmọ náà kò mọ ìyọkúrò. Bí wọ́n bá ní kó yọ 5 kúrò nínú 12 tí mi ò sí nítòsí, ojú rẹ̀ á máa wá mi káàkiri yàrá. Olùkọ́ ló pè mí lẹ́yìn kíláàsì, tó là mí lọ́yẹ̀ pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Ó ní kí n jókòó sẹ́yìn ọmọ díẹ̀, níbi tí mo ti lè rí ọwọ́ rẹ̀ ṣùgbọ́n tí òun kò ní lè máa wo ojú mi. Kí n ka ení dé ẹ̀wá nínú kí n tó la ẹnu. Bí mo bá sì máa sọ̀rọ̀, kí n bi í bó ṣe rò ó, kí n má sọ ìdáhùn. Ìdajì wákàtí ni ìjíròrò náà gbà, ó sì wúlò fún mi ju gbogbo ìtọ́sọ́nà tí wọ́n ti fi ránṣẹ́ sí wa lórí bí a ti ń lo ìkànnì lọ. Ohun tó dùn mí ni pé oṣù kẹta ni mo tó gbọ́ ọ.

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé mo fẹ́ ba ètò náà jẹ́. Ọmọ tí àìsàn dè mọ́lé, ọmọ tí ilé-ẹ̀kọ́ jìnnà sí, ọmọ tí ariwo kíláàsì ń dà láàmú, gbogbo wọn ló ń rí àǹfààní níbẹ̀. Ọmọ tèmi tí ojú máa ń tì bẹ̀rẹ̀ sí kàwé sókè nínú ọ̀wọ́ ọmọ 4 ju bó ti ṣe rí lọ níbikíbi. Ẹ̀kọ́ tí kò bá yé e, a lè dá fídíò rẹ̀ padà sẹ́yìn lẹ́ẹ̀mẹta láìsí ẹni tí yóò kanra mọ́ ọn. Nítorí pé ètò náà lè dára tó báyìí ni mo ṣe ń bínú sí bí wọ́n ti ń tà á fún òbí bí ẹni pé kò ní ẹrù.

Ohun tí mo ń béèrè lọ́wọ́ àwọn ilé-ẹ̀kọ́ kò le. Kí wọ́n sọ ọ́ ní gbangba kí ọmọ tó wọlé, iye wákàtí tí àgbàlagbà yóò lò lójúmọ́ fún ọmọ kíláàsì kìn-ín-ní, àti iye tí yóò dín kù sí bí ọmọ bá dé kíláàsì kẹrin tàbí ìkarùn-ún. Kí wọ́n fún ẹni náà, ì báà jẹ́ òbí, ẹ̀gbọ́n tàbí òbí àgbà, ní irú ẹ̀kọ́ ìdajì wákàtí tí mo gbà, ṣùgbọ́n kó jẹ́ ṣáájú ọjọ́ kìn-ín-ní. Fún ilé tí gbogbo àgbà ti ń jáde lọ síbi iṣẹ́, kí wọ́n ṣètò kíláàsì ojúkojú sí ìrọ̀lẹ́, tàbí kí wọ́n so òbí mẹ́ta tàbí mẹ́rin pọ̀ kí ọmọ wọn lè jọ wà lọ́dọ̀ àgbàlagbà kan ṣoṣo. Kí wọ́n sì fi ìlà kan kún fọ́ọ̀mù ìforúkọsílẹ̀, lókè ibi tí wọ́n ti ń béèrè nípa kọ̀ǹpútà: ta ni yóò jókòó ti ọmọ yìí ní aago 9 òwúrọ̀, láti ọjọ́ Ajé dé ọjọ́ Ẹtì? Bí òbí kò bá tíì ní orúkọ kan láti kọ síbẹ̀, kí wọ́n bá a wá a kí wọ́n tó gba owó lọ́wọ́ rẹ̀.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Ìyá ọlọ́mọ kan, òǹkàwé yín.