Ìwé wà níbẹ̀, àmọ́ a ò rí i kà

Ẹ̀yin Olóòtú wa,

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi fi ohun kan tó ń dun àwa akẹ́kọ̀ọ́ fásitì tí ojú wa kò ríran tó aráyé létí. Wọ́n máa ń sọ fún wa pé nǹkan ti dẹrùn báyìí, pé kò sí ìwé tí kò sí lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Lóòótọ́, ìwé pọ̀ níbẹ̀. Kíkà rẹ̀ ni iṣẹ́.

Etí la fi ń kàwé. Ètò orí kọ̀ǹpútà tó ń jẹ́ NVDA, tó jẹ́ ọ̀fẹ́, tàbí JAWS, tí a ń fowó rà, ló ń ka ojú kọ̀ǹpútà sí wa létí. Ṣùgbọ́n lẹ́tà ni wọ́n ń kà, wọn kì í ka fọ́tò. Bí olùkọ́ bá ya fọ́tò orí kan nínú ìwé, tó sọ ọ́ di PDF, tó fi ránṣẹ́ sí gbogbo kíláàsì, ojú ẹsẹ̀ làwọn ẹlẹgbẹ́ mi á ti bẹ̀rẹ̀ sí í kà á. Ní tèmi, ẹ̀rọ á ní ìwé náà ṣófo. Odindi ojú ìwé 40, ó ṣófo! Ẹ̀rọ tó ń sọ fọ́tò di lẹ́tà wà o, mo sì ń lò ó. Àmọ́ bí fọ́tò bá ti wọ́, tàbí tí ojú ìwé pín sí òpó méjì, ṣe ló máa ń lọ́ ọ̀rọ̀ mọ́ra, tí àlàyé ìsàlẹ̀ ìwé á já wọ àárín gbólóhùn. Kí n tó tò ó tán, ọjọ́ ìdánwò ti dé. Ti àwòrán àti àtẹ oníṣirò, ẹni tó ríran ni mò ń bẹ̀, ìgbà tó bá sì ráyè ni.

Kí ẹnikẹ́ni má fi ẹ̀tọ́ òǹkọ̀wé kẹ́wọ́. Àdéhùn àgbáyé tí wọ́n ń pè ní Àdéhùn Marrakesh, ti ọdún 2013, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2016, ní kí orílẹ̀-èdè tó bá wọ̀ ọ́ yọ̀ǹda fún ilé ìkàwé láti ṣe ẹ̀dà tí àwa lè kà, láìgbàṣẹ lọ́wọ́ ẹni tó ni ìwé.

Ẹ̀yin olùkọ́ àti òṣìṣẹ́ ilé ìkàwé, kí ẹ tó fi ìwé ránṣẹ́, ẹ fi máòsì fa orí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo bí ẹni fẹ́ dà á kọ. Bí ọ̀rọ̀ náà kò bá dá yí àwọ̀, fọ́tò lẹ fẹ́ fi ránṣẹ́ yẹn. Bí èyí tí ẹ tẹ̀ fúnra yín bá ṣì wà lórí kọ̀ǹpútà yín, òun ni kí ẹ fún wa. Ẹ sì jẹ́ kó tètè dé, kó má jẹ́ ọjọ́ táwọn yòókù ń jíròrò rẹ̀ ni èmi ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wá ẹni tó máa kà á fún mi.

Èmi ni tiyín,
Akẹ́kọ̀ọ́ kan tí kò ríran