Ẹ̀yin kápítéènì géèmù, ẹ jọ̀ọ́ ẹ ṣọ́ ẹnu yín

Olóòtú mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ kú làálàá ìròyìn. Mo máa ń ka ojú ewé eré ìdárayá yín dáadáa, bọ́ọ̀lù lẹ sì ń sọ jù níbẹ̀, ìyẹn ò burú, àmọ́ àwọn ọ̀dọ́ tó pọ̀ gan-an nílẹ̀ wa ló jẹ́ pé géèmù orí fóònù ni bọ́ọ̀lù tiwọn, Call of Duty Mobile o, PUBG o, Free Fire o, wọ́n ní tíìmù, wọ́n ní kápítéènì, wọ́n ń ṣe ìdíje, wọ́n sì máa ń gba owó níbẹ̀ nígbà míì. Ọ̀rọ̀ àwọn kápítéènì yẹn ni mo fẹ́ sọ torí ó ti ń ká mi lára tipẹ́. Èmi náà ń darí tíìmù Call of Duty Mobile kan níbí l'Óṣogbo, obìnrin ni mí, mo sì ti gbọ́ oríṣiríṣi lórí máìkì tá a fi ń bá ara wa sọ̀rọ̀ tá a bá ń gbá géèmù.

Èébú ti pọ̀ jù lẹ́nu àwọn tó ń darí tíìmù. Àwọn èèyàn wá rò pé bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn, pé tí kápítéènì ò bá le, tí ò bá máa jágbe mọ́ èèyàn, àwọn ọmọ tíìmù ò ní jí gìrì. Irọ́ ni. Èébú yẹn gan-an ló ń jẹ́ kí wọ́n máa pàdánù, màá sì ṣàlàyé bó ṣe ń ṣẹlẹ̀ torí àwọn tí ò gbá géèmù yìí rí.

Oríṣi kan wà nínú ẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Search and Destroy. Èèyàn márùn-ún sí márùn-ún ni, àwọn kan fẹ́ gbé bọ́ǹbù sílẹ̀ ní ojúkò A tàbí ojúkò B, àwọn kejì ò ní gbà fún wọn, tí wọ́n bá sì ti pa ẹ́ ní ráúńdì kan o ò ní jí mọ́ àfi tí ráúńdì míì bá bẹ̀rẹ̀, wàá kàn jókòó máa wo àwọn tó kù ni. Ibẹ̀ ni wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀. Ẹni mẹ́rin ti kú, ó ku ọmọ kan ṣoṣo, ọ̀tá méjì ló ń wá a, ọmọ yìí ti fi íàpíìsì sétí, ìró ẹsẹ̀ ló yẹ kó máa gbọ́ kó lè mọ̀ bóyá apá òsì ni wọ́n ti ń bọ̀ àbí apá ọ̀tún, àmọ́ kápítéènì tó ti kú ò jẹ́ kó gbọ́ nǹkan kan, "Yíjú! Mo ní kó o yíjú! Ṣé o fọ́jú ni, ọ̀dẹ̀!" bẹ́ẹ̀ báyẹn títí wọ́n fi máa yìnbọn lu ọmọ náà látẹ̀yìn. Ta ló pa á? Èmi ò gbà pé ọ̀tá nìkan ni.

Ní tíìmù tiwa, tí wọ́n bá ti pa ẹ́, sọ ohun tó o rí gbẹ̀yìn, kó o wá dákẹ́. "Méjì ní B, ọ̀kan ti fara gbọta." Ó tán. Èmi tí mo jẹ́ kápítéènì náà, mo ń dákẹ́. Ẹni tó kù nínú ìjà ló ni etí ẹ̀, kí á fi sílẹ̀ fún un.

Àmọ́ ìpalára tó burú jù tí èébú ń ṣe, ọ̀pọ̀ èèyàn ò tiẹ̀ kíyè sí i. Wọ́n á ní ó ń ba èèyàn nínú jẹ́, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ìbànújẹ́ nìkan kọ́. Ẹni tó o bú ní àná torí pé ó ní ọ̀tá wà ní B tí ọ̀tá ò sì sí níbẹ̀, lónìí tó bá tún rí òjìji kan kò ní sọ̀rọ̀ mọ́. Á kọ́kọ́ rò ó, ṣé ó dá mi lójú, kí wọ́n má tún bú mi, kó tó rò ó tán ẹni tó rí yẹn ti dé ẹ̀yìn yín. Tó bá ti di pé ẹni mẹ́ta nínú márùn-ún ti ń bẹ̀rù àtisọ ohun tí ojú wọn rí, tíìmù yẹn ti fọ́jú nìyẹn, kò sí bí ọwọ́ kápítéènì ṣe lè yá tó tó máa lè fi ojú méjì wo ibi tí ojú mẹ́wàá ń wò. Àwọn àgbà ló sọ pé ọ̀rọ̀ rere ní ń yọ obì lápò, ọ̀rọ̀ burúkú ní ń yọ ọfà lápó, a wá ń yọ ọfà sí ara wa nígbà tí ọ̀tá gidi wà níwájú.

Àwọn kan á ní ọ̀rọ̀ pẹ̀lẹ́ lásán lèyí, pé àwọn tó ń gbowó ńlá nínú géèmù ò ní àyè ìyẹn. Ẹ jẹ́ ká wo tíìmù OG tó ń gbá Dota 2, géèmù orí kọ̀ǹpútà kan, ní Yúróòpù nígbà yẹn. Lọ́dún 2018, ìdíje tó tóbi jù nínú Dota, The International, ti ń sún mọ́lé, ni ẹni méjì nínú àwọn márùn-ún bá fi tíìmù sílẹ̀ lọ sí tíìmù míì, ọ̀kan nínú wọn sì jẹ́ ọ̀rẹ́ tímọ́tímọ́ kápítéènì. Johan Sundstein lorúkọ kápítéènì yẹn, N0tail ni wọ́n ń pè é nínú géèmù. Kóòṣì wọn, Sébastien Debs tí wọ́n ń pè ní Ceb, ló wá jókòó gbá a fúnra ẹ̀, wọ́n pe ọmọ tíìmù wọn àtijọ́ kan tí wọ́n ń pè ní ana, tó ti lọ sinmi, padà wálé, wọ́n tún mú ọmọ Finland kan tí wọ́n ń pè ní Topson, tí ò dé irú ìdíje yẹn rí láyé ẹ̀. Wọn ò tiẹ̀ pè wọ́n sí i tààrà, inú ìdíje ìpele àkọ́kọ́ tí ẹnikẹ́ni lè forúkọ sílẹ̀ fún ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ kí wọ́n tó ráyè wọlé. Nígbà tí wọ́n dé Vancouver ní Kánádà lóṣù kẹjọ, wọ́n na tíìmù tí àwọn tó fi wọ́n sílẹ̀ lọ bá, wọ́n dé fáínà, àwọn PSG.LGD láti Ṣáínà ti ń lù wọ́n 2-1, wọ́n wá gba méjì tó kù, ó di 3-2. Owó tí wọ́n gbà lé ní mílíọ̀nù mọ́kànlá dọ́là. Nígbà tó di 2019 ní Shanghai, àwọn márùn-ún yìí kan náà tún gbà á, tíìmù kankan ò sì gbà á lẹ́ẹ̀mejì rí kó tó kan tiwọn.

Ibi tí mo ń lọ rèé. Nínú Dota, wúrà ni wọ́n fi ń ra ohun ìjà, wúrà yẹn ò sì lè kárí gbogbo èèyàn, ẹnì kan gbọ́dọ̀ gbà láti jẹ́ tálákà, kó fi wúrà sílẹ̀ fún àwọn tó kù, kó sì máa bójú tó ohun tí wọ́n ń rì mọ́lẹ̀ kí tíìmù lè máa rí inú òkùnkùn. Iṣẹ́ tí N0tail tó jẹ́ kápítéènì gbà ṣe nìyẹn. Nítorí náà tó bá ní kí wọ́n ní sùúrù, tó ní ó máa dáa, gbogbo wọn mọ̀ pé òun ló ń jìyà jù níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ ẹni bẹ́ẹ̀ ń wọni lára. Ẹ wá wo tiwa nílé, kápítéènì ló ń mú ìbọn tó dáa jù, òun ló ń kó ohun tí ọ̀tá bá jù sílẹ̀, òun náà ló tún ń bú ẹni tó ń fi ìbọn kékeré ṣọ́ ẹ̀yìn ẹ̀.

Ohun kan tún wà, OG yìí ní onímọ̀ nípa ọkàn èèyàn tó bá wọn ṣiṣẹ́ nígbà yẹn, Mia Stellberg, ọmọ Finland. Òun náà ló bá Astralis ti Denmark ṣiṣẹ́, àwọn tó ń gbá Counter-Strike, géèmù ìbọn orí kọ̀ǹpútà, nígbà tí gbogbo ayé mọ̀ wọ́n sí tíìmù tó máa ń gbọ̀n tí ìdíje bá ti ń parí lọ, oṣù kìíní ọdún 2017 ni wọ́n gba ife ẹ̀yẹ Major, ìdíje ńlá Counter-Strike, ní Atlanta. Àwọn tó ń gba mílíọ̀nù dọ́là ń sanwó fún ẹni tó máa tọ́jú ọkàn wọn, àwa tí ò ní kọ́bọ̀ níbẹ̀ ń fi ọ̀fẹ́ ba ọkàn ara wa jẹ́.

Ẹ jẹ́ n tún sọ ti Hardpoint, oríṣi míì nínú Call of Duty Mobile wa, torí ibẹ̀ ni mo ti máa ń mọ ẹni tó lè darí èèyàn. Ojúkò kan ló wà tí ẹ gbọ́dọ̀ dúró sí kí ẹ tó lè máa rí pọ́ìntì, ojúkò yẹn sì ń ṣí kiri. Ẹni tó ń dúró sínú ẹ̀ ni gbogbo ọta ń bà, á kú, á jí, á tún padà wọbẹ̀. Tí géèmù bá parí, tí èsì gbogbo èèyàn jáde lójú fóònù, ẹni tó pa èèyàn jù ni gbogbo ojú ń wò, ẹni tó dúró sínú iná yẹn ló kú ju gbogbo yín lọ, wọ́n á tún fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé ó ń fi ara ẹ̀ bọ́ ọ̀tá. Bẹ́ẹ̀ òun ló gbà á fún yín! Kápítéènì tó mọṣẹ́, ẹni yẹn ló máa kọ́kọ́ dárúkọ kó tó dárúkọ ẹnikẹ́ni. Kó má kàn sọ pé "ẹ ṣeun gbogbo yín" o, ìyẹn ò débì kan, kó sọ ohun tẹ́ni náà ṣe gan-an, "Bó o ṣe jókòó ti ojúkò kẹta yẹn títí a fi dé, òun ló fún wa ní géèmù." Ẹ wo bí ọmọ náà ṣe máa ṣe lọ́la.

Ọ̀rọ̀ nẹ́tíwọ̀kì àti iná náà ńkọ́? Àwa ọmọ Nàìjíríà, a mọ̀ ọ́n. Nínú tíìmù wa ẹnì kan wà ní London tí íntánẹ́ẹ̀tì ẹ̀ ń fò, ẹnì kan wà ní Ìlọrin tó jẹ́ pé dátà òru tó rọ̀ lówó ló ń rà, tí òjò bá sì ṣú báyìí fóònù ẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í fà, á yìnbọn, ìbọn ò ní tètè dún. Tẹ́ ẹ bá ní kí ọmọ Ìlọrin yẹn máa sáré síwájú, ẹ kàn ń fi ránṣẹ́ sí ikú ni, ẹ wá tún fẹ́ bú u lé e. Kó dúró sẹ́yìn kó máa ṣọ́ ibi tí tíìmù ti ń jí, níbẹ̀ ọgbọ́n àti ojú ló máa lò ju eré sísá lọ, kí ẹni ti London lọ síwájú. Ẹni tí iná bá sì lọ mọ́ lọ́wọ́ láàárín géèmù, kò yẹ kó padà dé kó wá máa bẹ̀bẹ̀ bí olè. Ẹ bi í bóyá iná ti dé, ẹ bẹ̀rẹ̀ òmíì.

Ti ọjọ́ orí tún wà, ìyẹn sì le fún wa torí bí wọ́n ṣe tọ́ wa. Ẹ̀gbọ́n kan wà tó ń tún fóònù ṣe ní Ìbàdàn tó wà lábẹ́ mi nínú tíìmù, tí mo bá pàdé ẹ̀gbọ́n yìí ní ìta màá kúnlẹ̀ kí i, ṣùgbọ́n tí ọta bá ń fò èmi ni màá sọ fún un pé "Ẹ̀gbọ́n, ẹ kúrò níbẹ̀, ẹ bọ́ sí A," wọ́n á sì lọ láìjanpata. A ti jọ sọ ọ́ tẹ́lẹ̀ kó tó di ìjà ni ò ṣe dìjà. Tí wọ́n bá rò pé mo ṣìnà, wọ́n á gbọ́ràn ná, tí géèmù bá parí wọ́n á sọ fún mi, èmi náà á gbọ́. Àwọn tíìmù tí ò sọ ọ́ tẹ́lẹ̀, ẹ̀gbọ́n á ní ọmọ kékeré ń pàṣẹ fún òun, ọmọ kékeré á ní àgbàlagbà ò mọ géèmù, inú ìjà gan-an ni wọ́n á ti máa bá ara wọn jiyàn.

Àwa obìnrin wá ńkọ́. Tí mo bá bọ́ sí géèmù àwọn àjèjì tí mo sì ṣí máìkì, ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ ni pé ṣé mo ti se oúnjẹ ọkọ mi tán. Mo mọ àwọn ọmọbìnrin tí ọwọ́ wọn mú gan-an tí wọ́n ti pa máìkì wọn pátápátá torí èyí, wọ́n á rí ọ̀tá, wọn ò ní lè sọ. Kápítéènì ló ni iṣẹ́ yẹn láti dá a dúró, kó má dúró dìgbà tí ọmọbìnrin náà bá sunkún. Ẹni tó bá sọ irú ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, kìlọ̀ fún un lójú gbogbo èèyàn. Tó bá tún sọ ọ́, kó máa lọ, bó ti wù kó mọ̀ ọ́n yìn tó.

Àmọ́ mi ò sọ pé kí kápítéènì máa rẹ́rìn-ín sí gbogbo nǹkan o. Àṣìṣe gbọ́dọ̀ ní orúkọ. Ìgbà tá a bá ń sọ ọ́ àti bá a ṣe ń sọ ọ́ ló yàtọ̀. Tá a bá ṣẹ̀ṣẹ̀ pàdánù, ara gbogbo èèyàn ń gbóná, kì í ṣe àsìkò yẹn, tá a bá sì ti pàdánù léraléra, màá ní ká pa fóònù, ká lọ sùn. Lọ́jọ́ kejì màá kọ̀wé sí ẹni tọ́rọ̀ kàn, òun nìkan, màá fi fídíò tá a ká hàn án, màá bi í kí ló rí níbẹ̀ kí n tó sọ tèmi. Ó ya èmi gan-an lẹ́nu bó ṣe máa ń jẹ́ pé ohun tó rí lójú tiẹ̀ yàtọ̀ sí ohun tí mo rò.

Olóòtú, ẹ bá mi dé ọ̀dọ̀ àwọn tó ń ṣètò ìdíje kéékèèké ládùúgbò wa, torí àwọn náà ń ka ìwé ìròyìn yín. Bí ẹ ṣe ń fi ìyà jẹ ẹni tó bá fi ọgbọ́n ẹ̀wẹ́ gbá géèmù, ẹ fi sínú òfin yín pé kápítéènì tó bá ń bú ọmọ tíìmù ẹ̀ máa jókòó sílẹ̀ ní géèmù tó kàn. Ẹ sì má ṣe jẹ́ kó jẹ́ ẹni tó pa èèyàn jù nìkan lẹ máa fún lẹ́bùn, ẹ wá ẹ̀bùn kan fún ẹni tí àwọn ọmọ tíìmù ẹ̀ fúnra wọn bá dìbò fún pé inú àwọn dùn láti tẹ̀ lé. Ẹ̀yin òbí náà, tẹ́ ẹ bá gbọ́ tí ọmọ yín ń ṣépè nínú yàrá lóru, ẹ má kàn já fóònù gbà, ẹ béèrè lọ́wọ́ ẹ̀ pé ta lò ń bá wí, kí ló ṣe fún ẹ. Bóyá òun ni kápítéènì.

Èmi ni,
Kápítéènì tíìmù kan,
Òṣogbo.