Lẹ́tà sí Àbẹ̀kẹ́: físà Màmá ti jáde

Àbẹ̀kẹ́ mi ọ̀wọ́n,

Ṣé àlàáfíà lo wà? Àwọn ọmọ ńkọ́? Bàbá wọn ńkọ́? Mi ò lè dúró dìgbà tí a máa tún pe ara wa: físà Màmá ti jáde! Àná ni ìròyìn dé. Inú mi dùn débi pé mo bú sẹ́kún nínú ọkọ̀ ojú irin, ìyá àgbà kan tó jókòó tì mí sì na aṣọ ìnujú rẹ̀ sí mi, kò sọ nǹkan kan. Bí Ọlọ́run bá fẹ́, Màmá fúnra wọn ló máa wẹ ọmọ yìí.

Ṣùgbọ́n láti àná náà ni ọkàn mi ti wà ní Sakae. Mo ti sọ̀rọ̀ ibẹ̀ fún ẹ rí, ibùdókọ̀ kan ní Nagoya wa níbí, ní Japan, ibi tí a ti ń bọ́ láti inú ọkọ̀ abẹ́ ilẹ̀ kan sínú òmíràn. Kurokawa là ń gbé, ilé ìwòsàn tí mo fẹ́ bímọ sí wà nítòsí Fushimi, Sakae sì ni Màmá máa gbà bí wọ́n bá ń gbé ọbẹ̀ bọ̀ wá bá mi. Ọkọ mi ní òun á máa sìn wọ́n, àmọ́ iṣẹ́ tiẹ̀, òru lónìí, ọ̀sán lọ́la ni. Ìwọ náà sì mọ Màmá. Ta ló máa ní kí wọ́n jókòó sílé de ẹnikẹ́ni?

Àlọ kò le. Ìlà elésè àlùkò tí wọ́n ń pè ní Meijo ni wọ́n máa wọ̀ ní Kurokawa, ìdúró kẹrin ni Sakae. Níbẹ̀ ni wọ́n á bọ́ sí ìlà aláwọ̀ ìyeyè, Higashiyama, ìdúró kan péré ló sì kù sí Fushimi. Gbogbo ibùdókọ̀ ló ní nọ́ńbà, kò dìgbà téèyàn bá mọ ìwé Japan kà: M09 ni Kurokawa, M05 ni Sakae lórí ìlà elésè àlùkò, H10 ni Sakae kan náà lórí ìlà ìyeyè, H09 ni Fushimi. Mo ti kọ ọ́ sórí páálí kékeré tí wọ́n máa so mọ́ báàgì.

Àbọ̀ ló ń bà mí lẹ́rù. Ìlà elésè àlùkò yẹn, yíyí ló ń yí ìlú po. Ní 2004 ni wọ́n so orí ẹ̀ mọ́ ìdí. Ọkọ̀ tó ń yí sọ́wọ́ ọ̀tún ló ń lọ tààrà sí Kurokawa láti Sakae. Bí Màmá bá wọ èyí tó ń yí sọ́wọ́ òsì, wọ́n lè yí gbogbo ìlú ká, kí wọ́n ṣì dé ilé, ká sọ pé wọ́n ṣeré jáde. Ṣùgbọ́n àwọn kan wà nínú àwọn ọkọ̀ ọwọ́ òsì yẹn tó jẹ́ pé Kanayama ni wọ́n ti ń yà, ó di èbúté Nagoya, létí òkun. Màmá létí òkun, pẹ̀lú kúlà ọbẹ̀ lọ́wọ́, tí fóònù sì ti kú! Èmi àti ọkọ mi rẹ́rìn-ín títí, àmọ́ nígbà tó sùn tán, èmi ò rí oorun sùn.

Má rò pé mo kórìíra Sakae o. Mo fẹ́ràn ibẹ̀ gan-an. Ọdún 1957 ni wọ́n ṣí i, nígbà tí wọ́n ṣì ń pọn Màmá. Ibùdókọ̀ mẹ́ta péré ló wà lábẹ́ ilẹ̀ Nagoya nígbà yẹn, Sakae sì ni òpin ọ̀nà. Ìlà kejì dé ibẹ̀ ní 1965, wọ́n wá ń kọ́ ọjà sábẹ́ ilẹ̀ tì í, Sakaechika ní 1969, Central Park ní 1978, títí àlejò ò fi lè mọ ibi tí ọjà parí sí tí ibùdókọ̀ sì ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀rò ibẹ̀ nírọ̀lẹ́ tó ti Dùgbẹ̀ nígbà ọdún, ṣùgbọ́n ìró bàtà lo máa gbọ́ ju ohùn èèyàn lọ. Ilẹ̀kùn wà létí ojú irin, ẹnikẹ́ni ò lè ré bọ́ síbẹ̀. Láti oṣù kẹwàá 2023, òfin ìlú ti ní kí gbogbo ẹni tó bá wà lórí ẹ́síkálétọ̀ dúró jẹ́ẹ́, kò sí pé ẹnì kan ń sáré kọjá kó wá gbún àgbàlagbà. Ọpẹ́ ni mo ń dá nítorí òfin yẹn.



Àbẹ̀kẹ́, ọ̀rọ̀ àtẹ̀gùn ló kù. Lífíìtì wà ní Sakae, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ẹnu ọ̀nà ló ní i, èèyàn sì lè rìn títí kó tó kàn án. Bí mo bá bi Màmá lórí fóònù nípa eékún tó ń dùn wọ́n, wọ́n á ní ó ti san, kí n gbájú mọ́ oyún mi. Àbúrò mi wá ní wọ́n ti ń fẹ̀yìn sọ̀kalẹ̀ ní àtẹ̀gùn ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n á di irin mú ṣinṣin. Wọn ò sọ ìyẹn fún mi rárá.

Jọ̀ọ́, bá mi pè wọ́n wá sílé rẹ lọ́sẹ̀ yìí. Ní o fẹ́ kí wọ́n bá ẹ wo aṣọ ìkómọ, kí o jẹ́ kí wọ́n gun òkè wá bá ẹ. Wo bí wọ́n ṣe ń gùn ún, kí o sì wo bí wọ́n ṣe ń sọ̀ ọ́ gan-an. Mi ò ní ká má mú wọn wá o. Bí eékún ò bá dáa, a ó kọ́kọ́ mú wọn lọ rí dókítà eegun níbẹ̀, ọkọ mi á sì tètè bẹ̀bẹ̀ fún ìsinmi níbi iṣẹ́. Ohun tí o bá rí, má fi bò fún mi. Má sì jẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé èmi ni mo rán ẹ.

Jẹ́ kí n gbọ́ kó tó di ọjọ́ Ẹtì, torí ọjọ́ Àbámẹ́ta la fẹ́ san owó tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ òfuurufú.

Èmi ni,
Àjọkẹ́