Ẹ̀sùn kan ṣoṣo lẹ mọ̀ mọ́ Leopold Auer

Olóòtú wa, ẹ kú iṣẹ́ o. Inú ló ń bí mi tí mo fi kọ lẹ́tà yìí. Lọ́jọ́ Àìkú tó kọjá mo lọ gbọ́ orin ńlá tí Tchaikovsky, ọmọ Rọ́ṣíà tó máa ń kọ orin, kọ fún fayolíìnì, ní London níbí, wọ́n fún wa ní ìwé ètò eré, mo ṣí i, ìlà kan péré ni wọ́n fi dárúkọ Auer, olùkọ́ fayolíìnì, pé òun ni Tchaikovsky kọ́kọ́ kọ orin náà fún lọ́dún 1878, Auer sì ní kò ṣeé ta. Ó parí síbẹ̀!

Ẹni tó fi ọdún 49 kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní ilé-ẹ̀kọ́ orin St. Petersburg ní Rọ́ṣíà, láti 1868 títí di 1917! Hungary ni wọ́n bí i sí lóòótọ́, àmọ́ Rọ́ṣíà ló lo agbára ẹ̀ fún. Heifetz, Elman, Zimbalist, Milstein, àwọn ògbóǹtarìgì tó ta fayolíìnì, gbogbo wọn ló kọ́ṣẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀.

Nígbà tí wọ́n mú Heifetz dé St. Petersburg, kò tíì pé ọmọ ọdún mẹ́wàá. Láyé ìgbà yẹn, Júù ò lè kàn máa gbé ibẹ̀ láìní àṣẹ, akẹ́kọ̀ọ́ orin láṣẹ, bàbá ẹ̀ ò ní. Kí ni wọ́n ṣe? Auer gba bàbá yẹn, àgbàlagbà ẹni nǹkan bí ogójì ọdún, wọ kíláàsì ẹ̀ bí akẹ́kọ̀ọ́, kí ọmọ má bàa dá gbé. Ṣé èyí ò tó kọ sínú ìwé ni?

Orin Tchaikovsky yẹn gan-an, Auer tún àwọn ibì kan ṣe nínú ẹ̀, òun fúnra ẹ̀ ta á, ó sì fi kọ́ àwọn ọmọ ẹ̀. Ó dun Tchaikovsky pé Auer kọ̀ ọ́ níbẹ̀rẹ̀, mi ò jiyàn. Àmọ́ ọdún 49 ni ọkùnrin yìí fi kọ́ni, ẹ̀sùn kan lẹ rí sọ! Àwọn tó ń kọ ìwé ètò eré yìí ń gbowó lé e, ohun tí wọ́n kọ lésìí náà ni wọ́n tún ń dà kọ lọ́dún yìí, kò sẹ́ni tó ń yẹ̀ ẹ́ wò.

Ohun tí mo fẹ́ ni kí wọ́n máa tẹ orúkọ olùkọ́ sábẹ́ orúkọ ẹni tó ń ta fayolíìnì, lójú ewé àkọ́kọ́, kó hàn ketekete, kí wọ́n fi olùkọ́ olùkọ́ náà tẹ̀ lé e, kí wọ́n máa tọ̀ ọ́ lọ sẹ́yìn títí, ọ̀pọ̀ ìgbà ọ̀dọ̀ Auer ló máa já sí. Ilé-ẹ̀kọ́ orin náà kó máa sọ ọ́ fáwọn ọmọ. Rédíò náà.

Ìwé ètò eré yẹn ṣì wà lórí tábìlì mi. Mo ti fi báírò kọ orúkọ àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlà kan yẹn, mo sì ń mú un padà lọ fún wọn.

Olùkàwé yín,
London