Ilẹ̀kùn iṣẹ́ ìtọ́jú arúgbó ti tì nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, síbẹ̀ wọ́n ṣì ń gbowó n'Ìbàdàn

Olóòtú,

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi fi lẹ́tà yìí tó aráàlú létí. Láti ọjọ́ 22 oṣù Keje ọdún 2025 ni ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kò ti fún ẹnikẹ́ni ní físà tuntun mọ́ láti òkèèrè wá ṣe iṣẹ́ ìtọ́jú arúgbó, ọjọ́ yẹn kan náà ni wọ́n sì sọ pé ọ̀pọ̀ jù lọ iṣẹ́ tí àjèjì lè bá wá gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tó tó ẹni tó gboyè yunifásítì ṣe.

Èmi ò bá wọn jà. Onílé ló ni ilẹ̀kùn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn fúnra wọn ló ṣí i sílẹ̀ gbayawu lóṣù Kejì ọdún 2022, nígbà tí wọn ò rí ẹni tó pọ̀ tó láti máa wẹ àwọn arúgbó wọn. Nígbà tí wọ́n sì ní kí àwọn òṣìṣẹ́ wọ̀nyí má mú ọkọ, aya tàbí ọmọ dání mọ́ lóṣù Kẹta ọdún 2024, ẹni tó lójú inú ti mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ń lọ.

Àwọn ajẹ́ńtì wa, tí wọ́n ṣì ń gbowó lọ́wọ́ aráàlú pé àwọn máa bá wọn gba físà yìí, ni mo ní í bá wí. Ọmọ aládùúgbò mi kan, tó ń ṣe irun ní Mọ́níyà, mú bébà kan wá hàn mí láìpẹ́ yìí, tí wọ́n lu òǹtẹ̀ pupa mọ́, tí wọ́n ní ìwé onígbọ̀wọ́ ni, ìyẹn ẹ̀rí pé agbanisíṣẹ́ kan nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fẹ́ gba èèyàn síṣẹ́, èyí tí wọ́n fi ń tọrọ físà. Bàbá rẹ̀ ti ta ilẹ̀ nítorí rẹ̀. Ìwé onígbọ̀wọ́ kì í ṣe bébà olóǹtẹ̀ rárá, inú kọ̀ǹpútà ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ló wà, nọ́ńbà rẹ̀ ni wọ́n ń fún òṣìṣẹ́, òfin wọn sì ní agbanisíṣẹ́ ni kó san owó rẹ̀, kò gbọ́dọ̀ gbà á padà lọ́wọ́ òṣìṣẹ́.

Òfin iṣẹ́ ilẹ̀ wa náà ní kí ẹni tó bá ń kó òṣìṣẹ́ lọ sókè òkun gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ mínísítà ètò iṣẹ́. Mo rọ àwọn agbófinró kí wọ́n máa béèrè ìwé náà ní gbogbo ọ́fíìsì tó gbé pátákó físà síta, kí àwọn ilé iṣẹ́ rédíò n'Ìbàdàn náà sì rí i kí wọ́n tó gba owó ìpolówó lọ́wọ́ wọn.

Emi ni tiyín,
Olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì,
Mọ́níyà, Ìbàdàn.